Nígbà Tí Ẹja Àrọ̀ Bá Kú Lójijì: Ẹ Yẹ Omi Wò Kí Ẹ Tó Fura sí Ènìyàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sin ẹja bọ́ síwájú díẹ̀ lónìí, torí ọ̀rọ̀ tiwọn la gbé dé. Ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ máa kàn yín.

Ẹgbẹ́ àgbọ́pọ̀ kan ní Bessé ló rán ìbéèrè sí wa. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà láàárín àwọn, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tó ní básẹ́ẹ̀nì onísìmẹ́ǹtì méjì lẹ́yìn ilé. Básẹ́ẹ̀nì làwa ń pè é níbí, àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè é ní póòǹdù, ohun kan náà ni. Àrọ̀ ló kún inú méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ Àtàlátà kan, ó sùn pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Nígbà tó jí, tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ wo ẹja rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, 140 ló ti léfòó nínú básẹ́ẹ̀nì kìíní, wọ́n kọ ikùn sókè. Básẹ́ẹ̀nì kejì ńkọ́? Ẹyọ kan ò kú níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Oṣù márùn-ún ló ti ń bọ́ wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó kó wọn lọ sọ́jà, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló sì ti fi ọkàn kà sí i. Èyí tó wá burú jù ni pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Àtàlátà yẹn gan-an, ó wá yá owó, wọn ò rí owó yá a. Ẹnì kan sì rí i tó ń fọ ọwọ́ nítòsí básẹ́ẹ̀nì kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní ó da oògùn òwú sínú omi. Wọ́n ti fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ bá délégué abúlé, ìyàwó ilé sì ti ń sunkún láàárín ọkọ àti àbúrò.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ rán sí wa kò gùn: "Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó pa ẹja?"

Èmi àti òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹja kan lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí a ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ lè ṣe é fúnra yín nígbà tí kò bá sí ẹni tó máa gun ọ̀kadà wá bá yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹja tí àrọ̀ jẹ́. Àrọ̀ kì í ṣe ẹpìyà. Ẹpìyà ń jẹ ewéko inú omi, ó ń mú èyí tó bá rí. Ẹlẹ́ran ni àrọ̀. Ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ àkèré, ó ń jẹ ẹja ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, bí ebi bá sì pa á, yóò jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá sin àrọ̀ fi lè pàdánù ẹja láìrí òkú kan. Ẹ kó 500 ọmọ ẹja sínú omi lóṣù kìíní, nígbà tí ẹ ó fi kà wọ́n lóṣù kẹta, ó ti di 280. Kò sí olè níbẹ̀ o. Àwọn tó tètè dàgbà ló gbé àwọn kékeré mì. Bí ẹ bá rí ẹja tí ìrù rẹ̀ já tàbí tí irùngbọ̀n rẹ̀ gé, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ máa ṣà wọ́n, kí ẹ kó ńlá sọ́tọ̀, kí ẹ kó kékeré sọ́tọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré. Ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Ohun kejì nípa àrọ̀ ni pé ó lè mí afẹ́fẹ́ ìta. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá rọ̀, àrọ̀ á jáde lẹ́bàá odò, á máa wọ́ lọ lórí koríko. Ó ní ohun kan lórí lẹ́yìn ibi ìmí rẹ̀, ó dà bí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, ohun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè. Nítorí náà, omi tó ti ṣú, tí ẹpìyà ti kú tán nínú rẹ̀ torí pé kò rí afẹ́fẹ́ mí, àrọ̀ lè wà nínú rẹ̀ kó máa gbádùn. Àwọn ọmọ àrọ̀ kéékèèké nìkan ni ohun yìí kò tíì hù fún. Ẹ fi í sọ́kàn. Bí ẹ bá ní ẹpìyà àti àrọ̀ nínú omi kan, tí ẹpìyà nìkan kú ní ìdájí, tí wọ́n ti ń yanu lókè omi láti aago mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ló tán nínú omi. Ṣùgbọ́n bí àrọ̀ ńlá bá kú lójijì, ẹ má kọ́kọ́ ro ti afẹ́fẹ́. Ẹ ro ohun tó wà nínú omi, tàbí ohun tí wọ́n jẹ.

Ó dáa. A dé ibẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe "ta ló wá síbí?" A bèèrè pé ẹja mélòó ló kú, nígbà wo.

Ìbéèrè yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àrùn kì í pa ẹja bí ìjì. Àrùn máa ń pa méjì lónìí, márùn-ún lọ́la, mẹ́wàá lọ́tùn-ún, bí iná tó ń jó abẹ́ koríko. Ẹ ó rí egbò lára wọn, tàbí funfun tó dà bí òwú lẹ́yìn wọn, lẹbẹ á pọ́n, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹja á máa fi ara họ ògiri básẹ́ẹ̀nì nígbà tí kòkòrò wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ń gba ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹja tí ara rẹ̀ ń dán, tí kò ní egbò, bá kú ní 140 lóru kan ṣoṣo, omi ni, tàbí oúnjẹ, tàbí oògùn. Ní tọkùnrin wa yìí, òru kan ni. Kò sí egbò. A ti yọ àrùn kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà a bèèrè pé kí ni kò kú.

Níbẹ̀ ni ojú ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. A tẹjú mọ́ etí básẹ́ẹ̀nì kìíní. Àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń sáré lórí omi ṣì ń sáré. Ọmọ àkèré, àwọn dúdú oníìrù yẹn, ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ ní igun kan. Oògùn òwú, ẹ̀yin èèyàn mi, kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó máa kọ́kọ́ pa nínú omi ni kòkòrò àti edé, kó tó kan ẹja. Ẹni tó bá da apakòkòrò sínú omi, kò lè sọ fún oògùn pé kó pa àrọ̀, kó dá kòkòrò sí.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbà. Bàbá náà ní bóyá oògùn ọ̀tọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ yẹn wá ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi gan-an, tí ẹ lè ṣe lábúlé láìná kọ́bọ̀. Ó bu omi básẹ́ẹ̀nì yẹn sínú abọ́ kan, ó bu omi kànga sínú abọ́ kejì. Ó lọ sídìí àgbá omi ìyá àgbà kan, ó gbọ́n tanwíjí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi, ó ká ogún sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n gbé e síbi tó tutù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án di ọ̀la. Bí apakòkòrò bá wà nínú omi, tanwíjí inú abọ́ ìkíní á ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ló ń jó nínú abọ́ méjèèjì. Àbúrò ìyàwó yẹn wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó ti abọ́ náà.

Ẹ gbọ́ o: ẹ bu omi náà ní kíákíá, lọ́jọ́ tí ẹja kú gan-an, torí àwọn oògùn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, á sì kúrò nínú omi láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tanwíjí kò sì lè jẹ́rìí sí gbogbo májèlé. Apakòkòrò ló ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe apakoríko.

Kò sí oògùn òwú nínú rẹ̀, kí ló wá pa wọ́n? A mú ẹja mẹ́ta tó ń kú lọ, tí kò tíì kú. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹja tó ti kú láti òru ti ń jẹrà, kò lè sọ òtítọ́ fún yín mọ́. Ẹ mú èyí tó ṣì ń mí, kí ẹ sì ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó fi ń mí. Tí ara bá le, ibẹ̀ máa ń pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀ adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ó bá ṣú bí omi kọfí, ẹ fura sí nítíráìtì, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ẹja jẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ò fi lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Bí ó bá funfun bálabàla, kòkòrò lè ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Bí ó bá wú, tí ikun bò ó bí ọbẹ̀ ilá, ohun tó ta á ni, bí amóníà tàbí jáfẹ́ẹ̀lì. Tàwọn mẹ́ta yìí wú, ikun sì bò ó.

A la ikùn wọn. Ìfun kún fún oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ tó kún dé ẹnu. Ìfun kò bẹ́, torí ó ń bẹ́ nígbà míì bí oúnjẹ bá ti bàjẹ́ tí ooru sì pọ̀, ikùn á wú bí bọ́ọ̀lù. Tiwọn kò bẹ́, ó kàn kún ni.

Òṣìṣẹ́ wo mi, mo wo òṣìṣẹ́. Ó bèèrè pé, "Ta ló bọ́ wọn lọ́jọ́ Àtàlátà?"

Bàbá ní òun ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bí ọdún mọ́kànlá, dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, èmi náà bọ́ wọn o. Ẹ ní kí n máa bọ́ wọn tí mo bá ti ilé ìwé dé." Lẹ́yìn náà ó fi kún un, ẹ tẹ́tí sí èyí: "Nígbà tí mo bọ́ wọn, wọn ò wá jẹ dáadáa. Wọ́n dúró lóòró nínú omi, orí sókè, ìrù sísàlẹ̀."

Ọmọdé ló rí i. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ má sá. Básẹ́ẹ̀nì yẹn fẹ̀ ní mítà 2, ó gùn ní mítà 3, omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1. Ìyẹn jẹ́ 6000 lítà omi. Ẹja 300 ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan tó bí 400 gíráàmù, kílò 120 ni gbogbo wọn. Ó ń bọ́ wọn ní kílò 2 lé díẹ̀ lójúmọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní kílò 2 ààbọ̀ kó rọrùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹja jẹ kì í wọ ara tán. Kílò kan oúnjẹ àrọ̀, tó lọ́ràá ẹran dáadáa, máa ń sọ bí 30 gíráàmù amóníà sínú omi, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Amóníà yìí ni òórùn tó ń ta wá nímú nínú ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀, tàbí nínú ilé adìẹ. Kílò 2 ààbọ̀, gíráàmù 75 lójúmọ́. Ẹ pín in sínú 6000 lítà, ó lé ní mílígíráàmù 12 nínú lítà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bọ́mọ àti bàbá bá wá jọ bọ́ wọn, ó di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọn ò jẹ á sì jẹrà nísàlẹ̀.

A bèèrè pé ìgbà wo lo pààrọ̀ omi kẹ́yìn. Ó ronú. Pọ́ǹpù fọ́ráàjì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹja básẹ́ẹ̀nì kejì kéré, wọn ò sì pọ̀, ìyàwó ń gbé omi kànga sí i ní garawa garawa torí ibẹ̀ ló sún mọ́ kànga. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá lè bèèrè pé ṣebí omi kò tíì yí láti ọjọ́ mọ́kànlá, kí ló dé tó jẹ́ lóru Àtàlátà ni wọ́n kú? Ìbéèrè rere. Amóníà ní ojú méjì. Ojú kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní nǹkan. Ojú kejì ni májèlé. Bí omi bá gbóná, tí omi sì ti di ewé tutù torí àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, àwọn ewéko yìí á gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́sàn-án, omi á yí padà, á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú. Níbẹ̀ ni amóníà ń yí ojú tútù padà sí ojú májèlé. Ó máa ń ga jù láàárín aago méjì sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yẹn ti ilé ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó rí, tó pè ní dídúró lóòró, ni ẹja tí ibi ìmí rẹ̀ ti jóná. Kò sí ẹni tó mọ̀, bàbá tún bọ́ wọn nígbà tó dé láti oko. Lóru ni wọ́n wá kú.

Ó dùn mí fún bàbá náà. Ó ń ṣiṣẹ́ kára. Kò sí ìwà búburú kankan tó hù, àfi oúnjẹ tó pọ̀ jù.

Ẹja 160 kù. Kí ni wọ́n ṣe fún wọn? Ẹ fetí sílẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa èyí tó kù. Wọ́n dá oúnjẹ dúró ọjọ́ méjì. Wọ́n gbọ́n ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Wọ́n fa omi tó jẹ́ ìdá mẹ́ta jáde, wọ́n fi omi kànga dípò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá kan tó wà níbẹ̀ ti gbé eérú wá, ó ní eérú ń wo ẹja sàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da eérú tàbí ẹfun sínú omi tí amóníà wà nínú rẹ̀. Eérú àti ẹfun ló ń sọ amóníà tútù di májèlé. Ẹfun wúlò nígbà tí básẹ́ẹ̀nì bá gbẹ tí a fẹ́ fọ̀ ọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹja ń kú lọ. Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ kì í wo amóníà, ṣùgbọ́n nítíráìtì tó máa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iyọ̀ ń dí i lọ́nà kó má wọ ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù 1 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Nínú 6000 lítà, kílò 6 iyọ̀. Ẹ yọ́ ọ nínú garawa kí ẹ tó dà á káàkiri.

Bí ẹ ò bá dájú pé omi ló fa ikú, ẹ ṣe báyìí: ẹ mú ẹja mẹ́ta tó ń ṣàárẹ̀, ẹ fi wọ́n sínú garawa omi tó mọ́, ẹ mú mẹ́ta mìíràn sínú garawa omi básẹ́ẹ̀nì. Bí àwọn tinú omi mímọ́ bá gbádùn láàárín wákàtí díẹ̀, tí àwọn yòókù sì ń kú lọ, omi ti jẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú kọ́ ló mọ́ fún ẹja o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, 50 ọmọ àrọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi. Mo gbé wọn délé, mo tú omi ẹ̀rọ sínú báàfù, mo da wọ́n sí i. Kí ọbẹ̀ alẹ́ tó jinná, wọ́n ti kú tán. Jáfẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ omi ẹ̀rọ mọ́ fún àwa èèyàn ló jó ibi ìmí wọn. Ẹ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tó gbẹnu, níta, fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ tó kó ẹja sí i. Omi fọ́ráàjì kò ní jáfẹ́ẹ̀lì bí wọn ò bá fi sí i, ṣùgbọ́n kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè, lórí ajere tàbí páànù tó ní ihò.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fura sí òtútù. Àrọ̀ fẹ́ràn omi tó wà láàárín ìwọ̀n 26 sí 30. Bí òru bá tutù gan-an, inú rẹ̀ kì í lọ oúnjẹ mọ́. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ bọ́ wọn lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá ti mú omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ má sì bọ́ wọn ní oúnjẹ tó ti hu olú, ì báà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Àrọ̀ tí orí rẹ̀ ń là, tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, fítámì C ló jẹ ẹ́ níyà, torí oúnjẹ tó pẹ́ jù nínú àpò ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yín dé. Kílò 56 ẹja ló kú. Ìyàwó ilé fẹ́ yan án, kó gbé e lọ sọ́jà, kí wọ́n lè rí nǹkan kan nínú ìbànújẹ́ yẹn. Ẹ má bínú sí i. Ta ni kò ní ro bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà yẹn wọn kò tíì mọ ohun tó pa á. Èéfín àti iná kò lè yọ oògùn òwú kúrò lára ẹja. Ẹja tó sì ti léfòó láti òru nínú omi gbígbóná ti jẹrà kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ. Wọ́n wa ihò lẹ́yìn ilé, wọ́n sin ín, wọ́n sì da ẹfun lé e lórí kí ajá má hú u.

Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ìtàn wà nílẹ̀ wa. Ní 1999, nígbà tí kòkòrò òwú kò kú mọ́ nípa àwọn oògùn tó wà, wọ́n kó endosulfan fún àwọn àgbẹ̀ òwú Benin. Ní àsìkò 1999 sí 2000 nìkan, ní Borgou, àwọn aláṣẹ ka èèyàn tí kò dín ní 37 tó kú nípa rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó ṣàìsàn gidigidi. Oògùn kan náà, díẹ̀ báyìí nínú omi ti tó láti pa ẹja. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè fi í sínú ìwé àdéhùn Stockholm kí wọ́n lè mú un kúrò láyé. Bẹ́ẹ̀ lòní, apakòkòrò òwú ṣì wà nínú ilé wa, nínú ìgò tí kò ní orúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo pupa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń dà á sínú odò láti fi pẹja, ẹ mọ ara yín. Ẹja tí ẹ pa báyẹn, ìyá yín ló máa rà á lọ́jà láìmọ̀. Ẹ̀yin tó sì ń fọ ẹ̀rọ ìfínko yín nínú odò, tàbí nítòsí básẹ́ẹ̀nì aládùúgbò, ẹ gbé e jìnnà síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹja inú básẹ́ẹ̀nì méjì mẹ́ta bá kú lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú kòkòrò inú omi, lẹ́yìn òjò tó wẹ oko òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ẹ máa wò. Ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ fi ẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú yìnyín, ẹ ké sí òṣìṣẹ́ ATDA tàbí dókítà ẹranko. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọ ẹja tuntun wọlé ni ikú bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un. Ní Ghana, ní ìparí 2018, àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ISKNV wọ àgò ẹpìyà lórí adágún Volta, ó pa ẹja lọ rẹpẹtẹ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ọmọ ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì fi àwọ̀n kan náà kó tibí kó tọ̀hún.

Àbúrò ìyàwó yẹn ńkọ́? Bàbá náà bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ó ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé kò tíì padà wá kí wọn láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń lọ bá a nílé. Ẹja 160 yẹn ṣì wà láàyè, wọ́n ti ń sún mọ́ kílò kan. Ọmọdékùnrin yẹn ló ń bọ́ wọn báyìí, òun nìkan, ó sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, ìwọ̀n oúnjẹ, iye òkú, àti bí wọ́n ṣe jẹun.

Ẹgbẹ́ àgbọ́pọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ sọ èyí láàárín ara yín lálẹ́ yìí: ta ló ń bọ́ ẹja nílé yín, ìgbà wo lẹ sì pààrọ̀ omi kẹ́yìn? Ẹ rán èsì sí wa. Lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, owó kajú la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dàárọ̀ o.